Ọkàn Òṣìṣẹ́ àti Ọwọ́ Agbanisíṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi ìlú Jos ṣe ibùjókòó, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bukuru, ní Vom, ní Barkin Ladi àti ní gbogbo agbègbè Plateau, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan gbogbo ẹni tí ó ń jẹ nínú òógùn ojú rẹ̀. Ó sì kan gbogbo ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ì báà ṣe ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, ì báà ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Kì í ṣe ọkàn tí a fi ń ronú ni a ní lọ́kàn, bí kò ṣe ẹ̀yà ara tí ó ń lù ní àyà wa. A fẹ́ béèrè ohun tí ibi iṣẹ́ lè ṣe láti dá a sí, àti ohun tí ibi iṣẹ́ ń ṣe tí ó fi ń bà á jẹ́.

Ọkàn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni lọ. Síbẹ̀, ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ìgbà 100,000 láàárín ọ̀sán àti òru. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó ń ti nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bí ó ti ń tì í ni ẹ̀jẹ̀ náà ń tẹ ògiri iṣan tí ó ń gbà kọjá, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń tẹ inú rọ́bà tí a fi ń fọ mọ́tò. Agbára yìí ni dókítà ń wọ̀n nígbà tí ó bá wé aṣọ mọ́ wa ní apá, tí ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Iye méjì ni ó máa ń sọ fún wa. Ti òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀ láti tì í jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá sinmi láàárín ìlù kan sí èkejì. Bí a bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ti òkè tó 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni àwọn dókítà ń pè é.

Rọ́bà tí omi inú rẹ̀ bá le jù fún ọdún púpọ̀ yóò bẹ́ níbi tí ó ti rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara wa. Bí iṣan inú ọpọlọ bá bẹ́ tàbí tí ó dí, àrùn rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Kíndìnrín a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú a máa ṣú, ọkàn fúnra rẹ̀ a sì máa wú nítorí ẹrù tí ó ń gbé, títí kò fi ní lè gbé e mọ́.

Ohun tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i ni orí kò fọ́, tí òòyì kò kọ́, tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá ṣubú lulẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọ̀tá rẹ̀. A ó ní ayé ni, a ó ní àwọn ará ilé ni, a ó ní ẹni tí ó fẹ́ gba ipò rẹ̀ ni. A ó wá gbàgbé láti béèrè ìbéèrè kékeré kan: nígbà wo ni a ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn?

Ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ la ojú ilẹ̀ wa sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Olújìmí Akínkùgbé ni, ọmọ ìlú Oǹdó, tí a bí ní ọdún 1933 tí ó sì di olóògbé ní ọdún 2020. Ní Ìbàdàn ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ó darí ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Nínú 100 ènìyàn tí ó ti pé ọmọ ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n rí bí 11 tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ sì ni 160 lórí 95 ni wọ́n lò nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ààlà. Iye àwọn ènìyàn náà lé ní mílíọ̀nù 4. Láti ìgbà náà ni a ti sọ ààlà náà kalẹ̀ sí 140 lórí 90, oúnjẹ wa àti iṣẹ́ wa sì ti yí padà; ìwádìí àìpẹ́ yìí fi hàn pé ó tó ẹnìkan nínú àgbàlagbà mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé, nínú àwọn tí ó ní i ní gbogbo ayé láti ọmọ ọdún 30 sí 79, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò mọ̀ pé àwọn ní i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ibi iṣẹ́ nìyí. Àìsàn tí kì í sọ̀rọ̀ ń fẹ́ ibi tí ẹni tí ó ní i ti lè sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan là á yé ara wa. Ká ní ọkùnrin kan wà, ẹni ọdún 48, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí a ti ń ṣe búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì kan wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó rí 170 lórí 110. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ọ̀kan nínú oògùn náà sì jẹ́ irú èyí tí ń mú ènìyàn tọ̀ lemọ́lemọ́, kí omi àti iyọ̀ tí ó pọ̀ jù lè kúrò lára. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ọ̀gá òun a máa ka iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ lọ sí ilé ìtọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó sọ ní ọdún tó kọjá pé ara òun kò yá, ẹlòmíràn ni ó wà nípò rẹ̀ báyìí. Kí ni yóò ṣe? Yóò tọ́jú oògùn náà pamọ́ sílé, yóò máa lò ó ní ọjọ́ Àìkú nìkan. Nígbà tí ó bá ṣubú ní ọjọ́ kan nídìí ààrò, ọ̀gá rẹ̀ yóò sunkún tọkàntọkàn, yóò sì dá owó ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ní ilé ìtọ̀ ni ọkùnrin náà nílò, kì í ṣe owó ìsìnkú.

Ta wá ni ọ̀gá náà? Ẹ má jẹ́ kí a máa wo ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ọ́fíìsì ìjọba nìkan. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwakùsà tánganran àti ọkọ̀ ojú irin ti kó àwọn bàbá wa wá sí ilẹ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, iṣẹ́ òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ni a fi mọ ọ̀pọ̀ nínú wa. Télọ̀ ni wá, mẹkáníìkì ni wá, a ń tẹ̀wé, a ń ta aṣọ, a ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, a ń se oúnjẹ tà. Àwa náà ni agbanisíṣẹ́. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kan àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì ti di ọ̀gá tí ọkàn ènìyàn méjì wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ bí ẹrú ni yóò jẹ bí ọba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni náà wà láàyè láti jẹ ẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2021. Wọ́n fi ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ wé ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 sí 40. Ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ẹni àkọ́kọ́, ewu kí àìsàn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹ wá ṣírò ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago méje àárọ̀ tí ó sì ń tì í ní aago mẹ́jọ alẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta. Wákàtí 78 ni. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan lápapọ̀, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Ó tún fún òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ fún ọjọ́ tí ó tó 12 nínú ọdún. Ẹ̀tọ́ ni èyí, kì í ṣe ojúrere ọ̀gá.

Nígbà tí a bá ní kí ibi iṣẹ́ gba gbogbo ènìyàn mọ́ra, kí ni a ní lọ́kàn? Ọmọ ìka kò dọ́gba, ọ̀nà tí àìsàn ọkàn ń gbà wá bá wa kò sì dọ́gba.

Ẹ wo ìyálọ́mọ. Àìsàn ọkàn kan wà tí ó máa ń mú obìnrin láti oṣù tí ó kẹ́yìn oyún títí di nǹkan bí oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Àríwá Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí a ti mọ̀ ọ́n jù ní ayé, àwọn dókítà Zaria sì ti kọ nípa rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1970. Ọkàn obìnrin náà yóò rẹ̀, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, èémí yóò máa há a, kò ní lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ní òru. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ọ̀sẹ̀ 12 ni Òfin Iṣẹ́ fún aboyún láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ewu náà ń bẹ títí di oṣù karùn-ún. Ó lè jẹ́ pé orí iṣẹ́ ni àìsàn náà yóò ti bá a, tí a ó máa sọ pé ó ti ya ọ̀lẹ láti ìgbà tí ó ti bímọ. Bí ìyálọ́mọ bá ń mí gúlegúle nígbà tí ó ń gun àtẹ̀gùn, ilé ìwòsàn ni kí a ní kí ó lọ, kí a má bá a wí. Àwọn obìnrin tí kò sí nídìí ìbímọ náà yẹ kí ó mọ̀ pé ọkàn tí ó fẹ́ dákẹ́ lè má fi ìrora àyà hàn lára wọn. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ tí kò ní ìdí, èébì tàbí àìlèmí dáadáa.

Ẹ wo abirùn. Òfin tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí abirùn tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, kí àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò sì ṣeé wọ̀ fún wọn. Bí ibi tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ bá wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a kò wọn ti ẹni tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ nìyẹn. Bí a bá fi ẹnu nìkan sọ bí a ṣe ń lo oògùn, a kò sọ ọ́ fún adití.

Ẹ wo ẹni tí ó ń gbààwẹ̀. Ní Jos níbí, Kristẹni àti Mùsùlùmí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ìjókòó kan. Ní oṣù Ramadan àti ní Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́, àwọn kan a máa dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ewu ńlá ni. Kí ẹni náà lọ bá dókítà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè bá a yí àkókò oògùn padà, kí ọ̀gá sì fún un ní àyè láti lọ.

Ẹ sì wo ẹni tí ìbẹ̀rù wà ní àyà rẹ̀. Ìlú wa ti rí wàhálà ọdún 2001, ti 2008 àti ti 2010, àti àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó sá fi ilé sílẹ̀ tàbí tí ó sin ènìyàn rẹ̀ kò lè bọ́ ìbànújẹ́ náà sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ bí ẹni bọ́ bàtà. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn, ọkàn rẹ̀ a máa yára lù, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì fún pọ̀. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, oorun a lọ, ara a sì máa jìyà. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó bá fi àyè gba ẹ̀gàn ẹ̀yà tàbí ti ẹ̀sìn nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń fi ẹrù kún ẹrù ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwa tí a jẹ́ ará ìdálẹ̀ níbí mọ bí ó ti ń rí lára kí a máa wo ènìyàn bí àlejò ní ibi tí ó ti ń làágùn. Kí àwa náà má ṣe é fún ẹlòmíràn.

Oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ kò ṣeé gbàgbé. Ìwọ̀n iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí àgbàlagbà jẹ ní odindi ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ. Ti inú magí, ti inú búrẹ́dì àti ti inú núdù wà lára rẹ̀. Káún pàápàá ní irú èròjà tí ó wà nínú iyọ̀. Ìlú kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti àchà ni a wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èéfín igi àti ti kẹrosíìnì náà ń pa ọkàn lára. Ní Ìbàdàn, àwọn oníwádìí fún àwọn kan lára aboyún 324 ní ààrò tí ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ sídìí igi àti kẹrosíìnì. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé iye ìsàlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílẹ̀ lára àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ èéfín. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń dín àkàrà, ibi iṣẹ́ ni ìdí ààrò yín. Ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Òtútù Jos náà a máa mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, nítorí náà kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa wọn ara rẹ̀ wò dáadáa nígbà ọyẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé: Fadá, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni tèmi, níbo ni mo ti fẹ́ rí owó fún gbogbo èyí? A gbọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí ẹ kọ́ ilé ìwòsàn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹgbẹ́ oníṣòwò kan lè dáwó ra ẹ̀rọ kan tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n sì bẹ nọ́ọ̀sì kan kí ó máa wá lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta. Òfin ìdójútòfò ìlera ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà láti wà nínú ètò ìlera kan, ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau sì ní ètò tirẹ̀ tí òṣìṣẹ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè dá owó sí. Ẹ béèrè nípa rẹ̀. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ohun kan wà tí owó kò lè rà, òun sì ni àṣírí. Èsì tí nọ́ọ̀sì bá rí, ti òṣìṣẹ́ ni. Kì í ṣe ohun tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri, kì í sì í ṣe ìdí láti dá ènìyàn dúró. Ní ọjọ́ tí a bá lé ẹnìkan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí ẹlòmíràn tí yóò na apá sílẹ̀ kí a wọ̀n ọ́n mọ́. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì kọ ìwé kan nípa iṣẹ́ ènìyàn, Laborem Exercens, ní ọdún 1981. Nínú rẹ̀ ni ó ti ka ìtọ́jú ìlera tí kò wọ́n àti ìsinmi mọ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, ó sì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ nípa abirùn àti iṣẹ́. Ènìyàn ni ó ni iṣẹ́, iṣẹ́ kọ́ ni ó ni ènìyàn.

Kí a tó lọ, ẹ kọ́ àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ yín ní nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ wo aago, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bu omi tàbí epo sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí àyà bá ń dun ẹnìkan bí ẹni tí a gbé òkúta lé, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí ó sì ń làágùn, bákan náà ni. Bí ẹnìkan bá ṣubú tí kò jẹ́ ìpè, tí kò sì mí bí ó ti yẹ, kí ẹnìkan sáré wá ọkọ̀, kí ẹlòmíràn fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìdáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a sì ń sọ fún ọmọlúàbí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yìí, kí olúkúlùkù ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́yìn, kí ó sọ fún un pé: bí ara rẹ kò bá yá, o lè sọ fún mi, iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́. Kí ó sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó sì dá ẹ̀mí wa sí láti jẹ èrè rẹ̀. Ó dìgbà o.